Sójà òjé tí kò lórí

Òkèèsà, Iléṣà

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ kú ìfaradà òtútù. Àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi ló sì ti wò wọ́n. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tí ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ dání, wúrà ló ń wá, ní Ìtagunmodi tàbí Ìpẹ́ríndó. Inú mi dùn gidigidi pé ohun ìṣeré ọmọdé ni tìrẹ hú jáde ní oko yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: sójà kan, ọkọ̀ kékeré kan àti ìbọn àgbá kékeré kan.

O ní kí n bá ọ mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Má tíì wo bí wọ́n ṣe rí. Irin tí wọ́n fi ṣe wọ́n ni kó o kọ́kọ́ wò.

Sójà tí kò lórí yẹn, òjé ni. Fi igun rẹ̀ fa ìlà lórí bébà, yóò kọ bíi pẹ́ńsùlù. Wo ọrùn rẹ̀ tó kán dáadáa. Bí inú rẹ̀ bá ṣófo, tí aṣọ rẹ̀ sì jẹ́ ti sójà ìgbà ọbabìnrin Victoria tàbí lẹ́yìn rẹ̀, á jẹ́ pé ẹ̀yìn 1893 ni wọ́n dà á. Ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ William Britain ní London bẹ̀rẹ̀ sí í da sójà oníhò inú. Wọn á da òjé yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù, èyí tó kan ara mọ́ọ̀dù á dì, wọn á sì tètè da ìyókù padà. Òjé tó ń lọ sí i dín kù, owó rẹ̀ sì kéré sí ti àwọn ará Jámánì tó kún inú. Èmi tí mo ń yọ́ wúrà mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn gbà. Bí ọwọ́ bá yá jù, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á ya. Bí ọwọ́ bá falẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ti dì. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Orí ló sábà máa ń já. Tọ ihò ọrùn yẹn wò, nítorí àwọn ọmọ máa ń fi igi ìṣáná so orí padà.

Ọkọ̀ kékeré tó sán káàkiri, síǹkì ni. Bí òjé díẹ̀ bá ti ṣèèṣì wọ inú síǹkì nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, bó pẹ́ bó yá, á sán, á sì wó lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Yí i dojú dé: bó bá jẹ́ Dinky Toys ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, Liverpool ni wọ́n ti ṣe é, láti 1934 síwájú, bó bá jẹ́ Lesney, ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Matchbox ni, ìyẹn láti 1953.

Àgbá idẹ yẹn ló lè dàgbà jù nínú wọn. Wo ihò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá là dé inú, ẹ̀tù gidi ni wọ́n ń rọ sí i. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi irú rẹ̀ ṣeré láti nǹkan bí 1600 ọ̀hún.

Jọ̀ọ́, kọ ibi tí o ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti bí ó ṣe jìn tó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ló rí wọn, kì í ṣe awalẹ̀pìtàn. Títí dòní la ṣì ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n ń lò wọ́n fún. Gbé àgbá yẹn lọ fún àwọn Portable Antiquities Scheme, àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ tí ará ìlú bá rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì fi gbogbo wọn han ẹni tó ni oko náà.

Má jẹ́ kí àwọn ìbejì fọwọ́ kan sójà yẹn rárá. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé pa ọmọ tó tó 400. Ìwọ náà, fọ ọwọ́ rẹ kó o tó jẹun.

Ya abẹ́ ọkọ̀ àti ẹ̀yìn àgbá ránṣẹ́ sí mi, sún mọ́ ọn dáadáa, kí iná má ṣe dán sí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàbá Fúnmi