Ìkéde fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ẹ̀pẹ́: iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá-ìtàn yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn nípa eré tí à ń ṣe nínú géèmù wa, níbi tí kálukú ti ń kọ ìtàn ẹ̀dá kan tó fi ṣe ara rẹ̀. Ẹ̀dá-ìtàn tó bá ní òun mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà hàn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá jẹ́ apẹja, má kàn kọ pé “mo pa ẹja púpọ̀.” Àwọ̀n wo lo jù? Ṣé ó ya, tí o sì jókòó tún un hun? Ọ̀sà kò jìnnà sí wa. Ẹ dé ọjà Olúwo, kí ẹ wo ọwọ́ àwọn ìyá tó ń kun ẹja. Ọwọ́ wọn ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ.

Bákan náà, dókítà tó máa rán ojú ọgbẹ́ a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn yín kùnà nígbà míì pẹ̀lú. Ẹni tó mọ gbogbo nǹkan, èmi kì í gbà á gbọ́.

Kó tó di alẹ́ Sátidé, kí kálukú kọ ọ̀gá tó kọ́ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ níṣẹ́, ọdún tó lò níbẹ̀, àti ohun tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.