Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí ẹ́ńjìnnì tí kì í tètè wálẹ̀ bí a bá ń pààrọ̀ jíà

Òkè-Àró,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara ìyá àwọn ìbejì àti àwọn ọmọ le. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ ni mo fẹ́ kọ lé lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí o sọ pé mẹkáníìkì tó wà nítòsí rẹ ní Manchester ti bu owó kílọ́ọ̀ṣì tuntun fún ọ, o sì ti ń múra láti gbé ọkọ̀ náà lọ fún un. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì san kọ́bọ̀.

Ohun tí o ṣàpèjúwe kò jọ àìsàn kílọ́ọ̀ṣì. O ní bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, tí o tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti kúrò ní jíà kejì bọ́ sí ìkẹta, ẹ́ńjìnnì kì í wálẹ̀. Yóò dúró sórí 2,500 RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, nígbà mìíràn yóò tilẹ̀ tún gòkè díẹ̀, kó tó wá rọra máa sọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ kì í ṣe báyìí. Ìgbà tí o bá ti tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátápátá, tí o sì ń tẹ tọ́rọ́tù gun òkè, ni ìwọ yóò gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ké, tí ọkọ̀ kò sì ní sáré tó ariwo rẹ̀. Bí iyèméjì bá ṣì wà lọ́kàn rẹ, jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lójú kan, má fi sí jíà kankan, tẹ tọ́rọ́tù, kí o sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọwọ́ aago RPM bá so rọ̀ sókè níbẹ̀ náà, kílọ́ọ̀ṣì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú ni pé afẹ́fẹ́ la fi ń darí eré ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo bẹntiróò. Tọ́rọ́tù tí à ń tẹ̀ kì í da epo sínú ẹ́ńjìnnì; ṣe ló ń ṣí ìdérí irin róbótó kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, yóò sì wọn epo tó bá afẹ́fẹ́ náà mu. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kúrò tí ẹ́ńjìnnì kò sì wálẹ̀, afẹ́fẹ́ kan ṣì ń wọlé tí kì í ṣe ìwọ lo fún un. Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ ni láti mọ ibi tí ó ń gbà, kí o sì mọ̀ bóyá ńṣe ló jí wọlé tàbí ọpọlọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ní ná ọ lówó. Wò ó bóyá ẹní tí a tẹ́ sí abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ń gbé tọ́rọ́tù dúró. Wáyà ni ọkọ̀ tìrẹ fi ń fa tọ́rọ́tù, nítorí náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí o fi ìka mi wáyà náà: ó yẹ kó dẹ̀ díẹ̀, kí ìdérí irin sì padà pa pátápátá, kó máa dún kó, bí o bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀.

Bí ìyẹn bá dára, àwọn họ́ọ̀sì rọ́bà tí afẹ́fẹ́ lè ti ibẹ̀ jí wọlé ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ jù. Ọkọ̀ tí mo ń lò níbí ṣe irú nǹkan yìí gan-an ní ọ̀nà Ìdànrè, níbi tí gegele àti ìyípo kì í jẹ́ kí ọwọ́ kúrò lórí jíà. Mẹkáníìkì mi kò tú nǹkan kan. Ó ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ó mú agolo oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀, ó sì ń fín in díẹ̀díẹ̀ káàkiri ojú ibi tí mánífóòdù, ìyẹn páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì àti ìdí họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, tó tẹ́tí sílẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó dé ìdí họ́ọ̀sì tó ń fa èéfín ọ́ìlì láti orí ẹ́ńjìnnì padà sínú mánífóòdù, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà lójijì. Lójú, họ́ọ̀sì yẹn dán, kò sì lábùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yọ ọ́, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́ níbi ìgbọ́nwọ́ rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ tí ojú kò tó la ẹnu bí ẹnu ẹja: ooru ti jẹ rọ́bà náà gbẹ. Họ́ọ̀sì tí ọ́ìlì kò lè bàjẹ́ ni a fi pààrọ̀ rẹ̀; họ́ọ̀sì omi lásán kò yẹ níbẹ̀, nítorí ọ́ìlì yóò sọ ọ́ di rọ̀pọ̀tọ̀.

Oògùn inú agolo yẹn máa ń gbiná o. Bí o bá máa ṣe é fúnra rẹ, omi ọṣẹ ni mo fẹ́ kí o lò, má sì jẹ́ kó kan àwọn ojú wáyà iná. Níbi tí ihò bá wà, yóò fa omi náà mu, ìró ẹ́ńjìnnì yóò sì yí padà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Má gbàgbé họ́ọ̀sì ńlá tó lọ síbi bọ́ọ̀sítà bíréèkì, èyí tó ń ran ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì. Bí bíréèkì rẹ bá ti ń le lẹ́sẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun ni kí o kọ́kọ́ fura sí, má sì jẹ́ kó pẹ́.

Bí kò bá sí ihò kankan, ìdọ̀tí ló kàn láti wò. Ẹ̀fín dúdú máa ń dì yí etí ìdérí irin tọ́rọ́tù ká, kì í jẹ́ kó pa dáadáa, ó sì máa ń há fáàfù idling, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́rọ́tù, mọ́ ojú ṣíṣí. Fọ méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ lẹ́yìn tí o fọ̀ ọ́ tán, má bẹ̀rù: ìdọ̀tí náà ló ti mọ́ ọpọlọ ọkọ̀ lára, ó nílò àkókò láti tún ẹ̀kọ́ kọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, nǹkan bí 650 sí 850 ló yẹ kó dúró sí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ní òtútù tiyín, fúnra rẹ̀ ni yóò máa sáré ní àárọ̀, nítorí náà má ṣe àyẹ̀wò kankan kó tó gbóná. Àwọn ọkọ̀ Japan kan ti àwọn ọdún 1990 tilẹ̀ ní fáàfù tí omi rédíétọ̀ ń darí; bí omi bá dín tàbí tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, fáàfù náà yóò rò pé òtútù ṣì mú ẹ́ńjìnnì, yóò sì máa fún un ní afẹ́fẹ́.

Ẹ fi sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àmì àṣìṣe láti inú ọpọlọ ọkọ̀, wò ó pẹ̀lú. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, èyí tó sábà máa ń tọ́ka sí ihò; P0505 àti P0507 jẹ mọ́ idling; P0500 jẹ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré ọkọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì bó bá jẹ́ pé orí ìrìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ti ń so rọ̀, tí kì í ṣe é lórí ìdúró.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí o gbà fún ẹnikẹ́ni: kí wọ́n fi tọ́nàfíìsì yí súkúrúù tí ìdérí irin náà fi ń dúró. Ilé iṣẹ́ ló ti wọ̀n ọ́n síbẹ̀ kí irin má baà há. Bí wọ́n bá yí i, sẹ́ńsọ̀ tọ́rọ́tù kò ní mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ti kúrò mọ́, àìsàn kan yóò sì di méjì.

Ti ọkọ̀ ìyàwó rẹ tó jẹ́ tuntun, tí o ní òun náà ń ṣe é fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀tọ̀ ni tìyẹn. Kò ní wáyà tọ́rọ́tù. Iná ló ń ṣí i tó sì ń pa á. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó máa pa jẹ́jẹ́, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá gé lójijì, epo tó lẹ̀ mọ́ ara mánífóòdù yóò bá sàlẹ́ńsà jáde láìjóná, òfin èéfín kò sì gba ìyẹn láàyè. Fáláwíìlì rẹ̀, àgbá irin tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, tó wúwo náà kì í jẹ́ kó tètè sọ̀. Má tú u. Sọ fún un pé kó máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù díẹ̀ kó tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó sì fara balẹ̀ mú jíà.

Bí o bá ti fi omi ọṣẹ yẹ tìrẹ wò, kọ ohun tí o rí sí mi kíákíá, kí o sì sọ bí bíréèkì ṣe rí lẹ́sẹ̀ rẹ. Bí wọ́n bá ní họ́ọ̀sì náà ti wọ́n jù lọ́hùn-ún, fi ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ ránṣẹ́, n ó bá ọ wá a níbí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bàbá Ayọ̀.