Lẹ́tà sí Délé: bí a ṣe ń ka ìmọ́lẹ̀ kábọ́ọ̀nù tí lésà bà

Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Délé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Jámánì o. Ọyẹ́ ti dé sí Ifẹ̀, àmọ́ ara le, gbogbo ilé ń kí ọ.

Mo ti wo àwọn spectrum (ìmọ́lẹ̀ tí a tú sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan) tí o fi ránṣẹ́ láti inú iṣẹ́ nánótúùbù rẹ, ìyẹn àwọn páìpù kábọ́ọ̀nù tín-ín-tín tí ẹ ń fi lésà ṣe láti ara graphite, nínú páìpù quartz tó wà nínú ìléru. C2 (átọ̀mù kábọ́ọ̀nù méjì tó so pọ̀) hàn kedere nínú wọn, ṣùgbọ́n o jẹ́ kí kámẹ́rà lajú sílẹ̀ láti ìgbà tí lésà ti ba graphite títí gbogbo ìmọ́lẹ̀ fi kú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ion kábọ́ọ̀nù (átọ̀mù tó ti pàdánù elẹ́kítírọ́ọ̀nù) ló gba iwájú, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó kún gbogbo àwọ̀. Lẹ́yìn náà ni C2 àti C3 (átọ̀mù mẹ́ta) máa ń tàn. Tó bá yá, ẹ̀rún kábọ́ọ̀nù gbígbóná ló kù tó ń pọ́n. Bí o bá da gbogbo wọn pọ̀, ìwọ̀n ooru tí o máa rí kà kì í ṣe ti ìkankan nínú wọn.

Nítorí náà, pín àkókò náà. Ṣí ojú kámẹ́rà fún 100 ns (ns kan jẹ́ ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá) níbẹ̀rẹ̀, fún 1 µs (ìdá mílíọ̀nù kan) tó bá ti tó 5 µs lẹ́yìn lésà, kí o sì fẹ̀ ẹ́ sí 10 µs nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti rẹlẹ̀. Má gba àmì ìbẹ̀rẹ̀ lára Q-switch (ohun tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú lésà). Photodiode (ẹ̀yà kékeré tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àmì iná mànàmáná) tó rí ìmọ́lẹ̀ lésà fúnra rẹ̀ ló ṣeé gbọ́kàn lé. Ka gígùn wáyà mọ́ ọn, torí mítà kan wáyà coaxial ń jẹ bíi 5 ns. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ lésà 1064 nm ti ń tẹ̀ lé ti 532 nm lẹ́yìn bíi 50 ns péré, wáyà mítà mélòó kan ti tó láti da ìṣirò rú.

Fi iná mercury ṣe òdiwọ̀n àwọ̀: 404.66, 435.83 àti 546.07 nm. Mo fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, torí ẹ̀gbẹ́ 405 ni C3 ti ń tàn. Àwọn ìlà yìí náà ló máa sọ bí slit rẹ (ojú tóóró tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀rọ) ṣe fẹ̀ tó. Fún agbára ìmọ́lẹ̀, lo gílóòbù tungsten tó ní ìwé òdiwọ̀n, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba inú dígí àti fáíbà kan náà. Máa ṣọ́ dígí yẹn dáadáa. Èéfín kábọ́ọ̀nù ń lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ búlúù ló sì ń jẹ jù, kí o tó mọ̀, àwọn ẹ̀rún á dà bíi pé wọ́n tutù ju bí wọ́n ṣe wà lọ. Ṣe òdiwọ̀n ṣáájú iṣẹ́, kí o tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìléru tó wà ní 1200 °C náà ń tàn: ya àwòrán kan láìsí lésà, kí o yọ ọ́ kúrò.

Ooru C2, àárín 468 sí 474 nm ni kí o ti wá a. Orí mẹ́ta (ibi tí ìmọ́lẹ̀ C2 ti ga ṣóńṣó) ni kí o wò níbẹ̀: 473.7, 471.5, 469.8. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èkejì àti ẹ̀kẹta ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́. Fi wọ́n wé spectrum tí kọ̀ǹpútà ṣírò ní 2500 K, 3000 K, 3500 K, pẹ̀lú fífẹ̀ slit rẹ, kí o mú èyí tó sún mọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n bí C2 bá pọ̀ jù, á máa gbé ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ mì, èyí tó lágbára jù ló sì ń gbé mì jù, ooru á wá dà bíi pé ó ga. Àyẹ̀wò kan wà tí n kì í fi ṣeré: 473.7 àti 512.9 ti ipele òkè kan náà wá, nítorí náà ìpín àárín wọn kò gbọ́dọ̀ yí padà bí ooru bá yí. Bó bá ń yí, gbígbémì ni, tàbí kí òdiwọ̀n rẹ ti yẹ̀.

Bí orí kan bá yọ ní 388.3 nm, CN nìyẹn, afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú páìpù quartz. Wo àwọn rọ́bà ìdè ẹnu rẹ̀ kí o tó tún tan ìléru. Ìlà kan tún wà ní 495.7 tó lè rú ọ lójú: kábọ́ọ̀nù 247.9 nm ló padà wá nínú order kejì, ìyẹn ní ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀. Fi fílítà tó ń dí ohun tó wà lábẹ́ 350 nm síwájú slit, á lọ.

Jọ̀ọ́, má kọ ọ́ sínú àbọ̀ iṣẹ́ rẹ pé C2 tán nígbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kú. Èyí tó ti gbára nìkan ló ń tàn. Èyí tó ti tutù wà níbẹ̀, kò kàn hàn ni. Àwọn tó ṣe ìwádìí ní Oak Ridge, Amẹ́ríkà, ní 2000 rí i pé kábọ́ọ̀nù ti di ìdìpọ̀ láàárín bíi 200 µs, cobalt, ọ̀kan nínú irin tí a ń pò mọ́ graphite bíi nickel, sì tó bíi 2 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni ms kan) kó tó dì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nánótúùbù ń gùn sí i. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn òkùnkùn, wàá nílò lésà kejì tó máa gún C2 àti nickel kí wọ́n tún lè tàn.

Fi fáìlì tí a kò tíì fọwọ́ kàn ránṣẹ́ sí mi, ti iná mercury àti ti tungsten pẹ̀lú, kí o kọ àkókò àti fífẹ̀ ojú kámẹ́rà sára orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Òru ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yára níbí, mo máa gbà á sílẹ̀ nígbà náà, kí n bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lórí ti 468 sí 474.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Wálé