Èérún, Ìdènà àti Èèrà Méjì

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé, mo sì lérò pé òtútù Jámánì kò mú ọ jù. Inú mi dùn pé o bèèrè ohun tí ìwádìí tí mo ń ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè dá lé lórí.

Àwọ̀n onígun mẹ́rin ni mo ń tẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Màá dí àwọn kan nínú ojú rẹ̀, màá fi èérún kan sí ojú tó ṣí, kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣẹ́ gègé láti mọ apá ibi tí èérún náà yóò sún sí. Irú ìrìn yìí ni Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, béèrè nípa rẹ̀ ní 1905. Níbi tí kò ti sí ìdènà, bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ìjìnnà èérún sí ibi tó ti gbéra di púpọ̀, tí a sì wá ìpíndọ́gba rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ìrìn, iye tí a rí yóò di ìlọ́po mẹ́wàá nígbà tí àkókò bá di ìlọ́po mẹ́wàá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdènà kàn ń fa ìrìn náà sẹ́yìn ni, òótọ́ sì ni bí ìdènà kò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú tó ṣí bá kù sí nǹkan bí 59.3 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọ̀nà tó la àwọ̀n já kò fi ní pẹ́ tán, òfin ìrìn fúnra rẹ̀ ló ń yí padà. Fún èérún tó gbéra lórí ọ̀nà ńlá tó la àwọ̀n já yìí, àkókò lè di ìlọ́po mẹ́wàá kí iye náà má ju nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún lọ, torí pé èérún a máa ṣìnà wọ kọ̀rọ̀ tí kò ní àbáyọ, a sì pẹ́ kó tó jáde. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Pierre-Gilles de Gennes, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi èèrà tó há sáàárín ọ̀nà tó lọ́ mọ́ra ṣàpèjúwe irú èérún bẹ́ẹ̀ ní 1976, lẹ́yìn náà ni a sì wá ń sọ̀rọ̀ èèrà méjì. Èèrà afọ́jú a yan ọ̀kan nínú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ibẹ̀ bá dí, a dúró, àkókò a sì máa lọ. Èkejì ń rí itòsí, kì í sì í yan ojú tó dí. Afọ́jú ni èmi fara mọ́, nítorí pé bí àkókò bá gùn tó, kò sí ojú tó ṣí tí a kò ní bá a lọ́gbọọgba, nígbà tí èkejì a máa wà jù níbi tí ọ̀nà ti pọ̀.

Jọ̀wọ́, bí o bá ń fèsì, sọ irú èèrà tí ẹ lò nínú iṣẹ́ tiyín lórí ìrìn purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, kí n lè mọ bí mo ṣe máa fi iye tiyín wé tèmi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bánkẹ́