Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Pláànù Kíláàsì Tuntun Tí Ẹ Yà Fún Wa Kò Bá Ilẹ̀ Wa Mu

Ìkéré-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ilé Iṣẹ́ Ayàwòrán Ilé

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé tí Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa yàn láti bójú tó kíláàsì mẹ́ta tí a fẹ́ fi kún ilé àtijọ́. Pláànù tí ẹ fi ránṣẹ́ kò ṣeé kọ́ sórí ilẹ̀ tí a ní. A fẹ́ kí ẹ tún un yà láìgba kọ́bọ̀ lé e.

Nínú pláànù yín, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìkéré lẹ̀ ń sọ yìí o! Ẹni tó bá wọ ìlú wa tí kò rí àpáta Olósùnta, àfi kó jẹ́ pé ó dijú wọ̀lú. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa gan-an, àpáta ni. Bíríkìlà wa fi rọ́bà olómi mú lẹ́bẹ́lì láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹfà, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára igi tí ó rì mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ ní kí ilé tuntun parí sí. Mo dúró ti igi náà: àyà ni àmì ọ̀hún bá mi, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹfà tó. Ta ni yóò kún àlàfo yẹn, owó ta ni yóò sì fi kún un?

A gbẹ́ ihò wò. Lápá òkè, ṣọ́bìrì kò tíì wọlẹ̀ dáadáa tó fi kan àpáta. Lápá ìsàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ ni. Ilé tí ìdajì rẹ̀ bá jókòó lórí àpáta, tí ìdajì wà lórí iyẹ̀pẹ̀, apá orí iyẹ̀pẹ̀ ni yóò rì, ògiri á sì là. Ìpìlẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele ìpele ni ibẹ̀ ń fẹ́. Ẹ tún ní kí a so ògiri tuntun mọ́ ti àtijọ́ pinpin, nígbà tó jẹ́ pé ilé àtijọ́ ti jókòó tán, tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jókòó ni. Ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ òrùlé ló dùn mí jù. Ẹ da òrùlé tuntun kọjú sí ti àtijọ́, ẹ fi gọ́tà kan ṣoṣo sáàárín, lábẹ́ igi máńgòrò ńlá tí ewé rẹ̀ ń já bọ́ lójoojúmọ́. Òjò méjì péré, gọ́tà ti dí, omi á sì máa ro sórí àwọn ọmọ. Omi tó ń ṣàn bọ̀ láti orí àpáta ńkọ́? Ẹ kò ya kòtò kankan fún un. Igi máńgòrò náà kò sí nínú pláànù. Igi ọ̀pẹ tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà lẹ yà síbẹ̀, pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí. Olùkọ́ wa mélòó ló ní mọ́tò?

Fèrèsé ńláńlá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ooru ọ̀sán á pa àwọn ọmọ. Àtẹ̀gùn nìkan ni ọ̀nà àbáwọlé, bẹ́ẹ̀ òfin àwọn abirùn ti ọdún 2018 ní kí kẹ̀kẹ́ wọn lè wọ ilé tí ará ìlú ń lò. Bí ẹnu ọ̀nà bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga ju ilẹ̀ lọ, ó yẹ kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ máa gbà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12.

Owó tí a san fún yín, àwọn òbí ló dá a, títí kan àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì wa. Kí oṣù yìí tó parí, kí ayàwòrán yín wá fúnra rẹ̀, kí ó mú sọ́féyọ̀ dání. A ò ní san owó tó kù kí pláànù tuntun tó dé. Bí ẹ kò bá wá, ẹ dá àsansílẹ̀ wa padà, a ó sì kọ̀wé sí ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa ń wà níbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ wọ bàtà tó ní eyín. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ń yọ̀.

Èmi ni,
Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé