Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́langba bá alága káńsù sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gba èsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn nípa àwọn ọmọ wa tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama àti àwọn tí a dìbò yàn sí káńsù. Ohun tí mo ń bèèrè fún kò ju pé kí káńsù kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá máa pe àwọn ọ̀dọ́langba àdúgbò rẹ̀ jókòó lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ náà sọ ohun tí ojú wọn ń rí, kí alága àti àwọn káńsẹ́lọ̀ fèsì, kí a kọ èsì náà sílẹ̀, kí wọ́n sì padà wá ní táàmù tó tẹ̀lé e láti sọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lé e lórí.

Ẹni tó bá ṣí Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 yóò rí iṣẹ́ tí òfin gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, ibi tí a ti ń pa ẹran, ọ̀nà àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, títí kan orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ara ilé. Ilé ẹ̀kọ́ girama fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ ń gbà dé ilé ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀. Àgbàlagbà tó ní mọ́tò lè yà gba ibòmíràn bí omi bá kún ojú ọ̀nà. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ láàárọ̀ tó tún ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lọ́sàn-án, tó ń lọ pọnmi, tó ń lọ da ilẹ̀ nù lórí ààtàn, tó ń bá ìyá rẹ̀ jókòó ti ọjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní ibòmíràn tí yóò gbà. Òun ló mọ òpó iná tí gílóòbù rẹ̀ ti kú àti ibi tí ajá dígbòlugi ti ń lé ènìyàn. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn nígbàkígbà tí a bá ń ṣèpàdé lórí gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ láìsí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, Civic Education ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà kan, àwa olùkọ́ bíi mélòó kan kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù kan nínú gbọ̀ngàn àdúgbò. Ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2 mú ìwé ìkọ̀wé kan dání, ó ti fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́ tí òjò rọ̀ wà lápá kan, àsìkò tí omi fà wà lápá kejì, iye àwọn tó pẹ́ dé kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà wà lápá kẹta. Ó kúnlẹ̀, ó kí àwọn àgbà, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ní láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lọ ata ni gọ́tà náà ti ń dí bọ̀, pé nígbà tó bá fi máa dé abẹ́ afárá kékeré tó wà níwájú àwọn mẹkáníìkì, ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti ìyẹ́ adìẹ tí àwọn alápatà adìẹ ń dà nù ti pa á lẹ́nu dé, omi yóò sì gun ojú títì. Ó ní àwọn ọmọ JSS1 a máa bọ́ bàtà, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn a sì máa fà wọ́n lọ́wọ́ sọdá.

Káńsẹ́lọ̀ dá a lóhùn pé títì náà kì í ṣe ti káńsù, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ má bínú, sà, bí títì bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ta ló ni ìdọ̀tí tó wà nínú gọ́tà?” Ọ̀kan nínú àwọn wolé-wolé tó bá káńsẹ́lọ̀ wá ló dìde pé káńsù ló ni ìdọ̀tí, kò sì sí àní-àní níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n kó gọ́tà náà, inú àwọn ọmọ sì dùn. Àmọ́ etí gọ́tà náà gan-an ni wọ́n kó ẹrẹ̀ tí wọ́n wà jáde sí, òjò tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó padà wá bá àwọn ọmọ náà, nítorí kò sí ọjọ́ tí a dá fún ìpadàbọ̀, kò sì sí ibi tí a kọ ìlérí sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àkọsílẹ̀. Bí a bá ní kí ọmọ sọ̀rọ̀, tí a gbọ́ tán, tí a pàtẹ́wọ́ fún un, tí a sì lọ, ohun tí a kọ́ ọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò jámọ́ nǹkan kan, yóò sì rántí ẹ̀kọ́ yẹn nígbà tó bá dàgbà tó ẹni tó ń dìbò.

Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ gọ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ kò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa la rí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 bá a lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gba ìrànwọ́ Báǹkì Àgbáyé lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì tún àwọn afárá àti ojú odò ṣe. Ṣùgbọ́n afárá ńlá kò lè bá wa kó ọ̀rá inú gọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ló lè tètè kígbe. Ọmọ tí a bí lọ́dún omíyalé 2011 yẹn ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìwà àrífín ni kí ọmọdé máa bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀. Èmi náà kò fara mọ́ àrífín. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kúnlẹ̀ kó tó la ẹnu, ọmọkùnrin yẹn tọrọ gáfárà kó tó béèrè, kò sì sí èyí tó dín agbára ìbéèrè wọn kù. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ti sọ di òfin tiwọn, so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ní abala 19 rẹ̀: ó ní kí ọmọ máa bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà, ó sì ní kí ó fi agbára àti ọgbọ́n orí rẹ̀ sin orílẹ̀-èdè. Báwo ni ọmọ yóò ṣe fi ọgbọ́n orí rẹ̀ sin ìlú bí kò bá ní ibi tí yóò ti sọ ọ́ jáde? Alága káńsù, bó ti wù kó lọ́jọ́ lórí tó, ẹni tí a rán níṣẹ́ ni, ẹni tí a bá sì rán níṣẹ́ ní láti wá jẹ́ ẹ.

Àwọn mìíràn á ní wọn kò tíì lè dìbò. Òótọ́ ni, ọdún 18 ni òfin sọ. Àmọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún mẹ́rin ni alága káńsù ń lò, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún 15 tó ń gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà náà kọjá lónìí yóò ti dìbò kí ọdún mẹ́rin náà tó yí po. Lọ́dún 2018, òfin dín ọjọ́ orí ẹni tó lè díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kù láti 30 sí 25. Ibo ni a fẹ́ kí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó pé ọdún 25?

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà má ṣe dì í mú. Bí owó bá fẹ́ máa dé ọwọ́ káńsù, ẹni tí yóò máa béèrè bí wọ́n ṣe ná an gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà káńsù, kò sì sí ohun tó burú bí yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ bá wà lọ́rùn díẹ̀ nínú wọn. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2014 ni ìjọba ìlú ti ya mílíọ̀nù dọ́là kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ láti dìbò lórí ohun tí wọ́n fẹ́ kí a fi ṣe, ọmọ ọdún 12 sì wà lára àwọn tó lè dìbò náà. Èmi kò ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iye bẹ́ẹ̀. Kí alága mú ìwé ètò ìṣúná ọdún náà wá, kí ó ka iye tó wà fún gọ́tà àti iná ojú pópó sí àwọn ọmọ létí, ìyẹn ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù ni kí àwọn olóṣèlú sọ ìjókòó náà di ti ara wọn. A ti rí i rí: a ó kó àwọn ọmọ kúrò ní kíláàsì, a ó tò wọ́n sí ẹ̀bá títì nínú oòrùn, wọn yóò máa kọrin kí ẹni ńlá kan káàbọ̀, a ó wá pín ìwé ìkọ̀wé tí àwòrán ẹni náà wà lára rẹ̀ fún wọn, kámẹ́rà yóò sì lọ. Bí ìjókòó yìí yóò bá wà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ fìlà tàbí ankará ẹgbẹ́ òṣèlú wá síbẹ̀. Kí a má pín ohunkóhun. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn yan ohun tí wọn yóò sọ, kí olùkọ́ má ṣe kọ ọ́ fún wọn, kí alága má sì gbé ìbéèrè wò ṣáájú. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìdíje sípẹ́lì kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001, ọmọ tó bá gbégbá orókè níbẹ̀ a sì máa jẹ gómìnà fún ọjọ́ kan. Ohun tó dára ni, ó ń mú àwọn ọmọ kàwé. Àmọ́ ọmọ kan péré ló ń jókòó lórí àga yẹn lọ́dún, àwọn tó kù náà sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí a gbọ́.

Kí a má sì ṣe mú kìkì àwọn pírífẹ́ẹ̀tì àti àwọn tó ń gba ipò kìíní wá. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ọmọ tó ń kọ́ mẹkáníìkì, ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ káńsù kàn. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ọjà ló lè sọ bó ṣe rí láti wá ibi tí yóò ti tọ̀ nínú ọjà tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ti wà ní títì pa, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin tó pọ̀ nínú àwọn káńsẹ́lọ̀ kì í rántí. Èdè Yorùbá ni kí a fi sọ ọ́, kí a sì fi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó mọ ohun tó fẹ́ sọ dáadáa, àmọ́ tó dákẹ́ nítorí pé wọ́n ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ níwájú àlejò.

Mo bẹ àwọn alága káńsù tó bá ka lẹ́tà yìí pé kí wọ́n dá ọjọ́ kan, kí akọ̀wé káńsù kọ ohun tí àwọn ọmọ sọ àti ohun tí wọ́n fi dá wọn lóhùn, kí a lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara pátákó ìkéde ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ àti ní ọjà. Kí wọ́n fi ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí a tó wọlé fún táàmù kìíní ní oṣù kẹsàn-án, nítorí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni a máa ń to ètò táàmù, ohun tí kò bá sì sí nínú ètò náà kì í ráàyè mọ́.

Èmi ni,
Olùkọ́ kan ní Ìbàdàn.