Owó wa ni wọ́n fi ń ṣèwádìí, a kò sì gbọ́ àbọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ń di ẹrù oko, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n gba ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ wa lálejò, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ owó ìwádìí ní yunifásítì. Ó ní ìjọba kò ní owó tí yóò máa fi ṣòfò mọ́. Ó ní sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n máa náwó lé lórí, kí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wádìí ìlù àti orin lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ó wá fi ẹ̀rín kún un pé ta ni yóò jẹ ìlù. Atọ́kùn ètò náà bá a rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán tí aago fi lù, ni ìlù bá dún láti pe ìròyìn.

Mo wo rédíò náà, mo tún un wò. Ìlù tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń jẹ́ ká mọ̀ pé ìròyìn dé. Àwa tí a ti dàgbà n'Íbàdàn rántí èyí tí rédíò ayé àtijọ́ máa ń lù, a sì ní ìtumọ̀ tí a fún un nípa Olúbàdàn, ẹ jẹ́ kí n má kọ ìyẹn síbí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlù nìkan ló ń dùn mí. Ká tiẹ̀ gbà fún un pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ṣe kókó jù. Ìlú wo nílẹ̀ Yorùbá ló ní ilé ìwádìí tó Ìbàdàn? Ti kòkó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ láti 1964. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé, dé ní 1967, ilẹ̀ rẹ̀ lọ salalu lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. NIHORT tó ń rí sí èso àti ẹ̀fọ́ wà ní Ìdí-Ìṣin láti 1975. Ti igbó wà ní Jẹ́ríkò, Moor Plantation tí wọ́n ti ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Apátá, Yunifásítì Ìbàdàn fúnra rẹ̀ sì ti wà láti 1948. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ẹnu ẹni tó ń ta oògùn apakòkòrò lọ́jà ni èmi tí oko mi kò jìnnà sí gbogbo wọn ti ń gba ìmọ̀ràn? Owó wa ni wọ́n fi ń ṣèwádìí, a kò sì gbọ́ àbọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àgbàdo mi bu nínú àká. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ kan tó yẹ kó mọ̀ nípa rẹ̀, n kò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo padà débẹ̀, wọ́n fún mi ní ìwé pélébé kan, òyìnbó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, pẹ̀lú orúkọ tí èmi tí mo ti ṣe tíṣà rí kò lè pè. Mo mú un lọ fún ìyá kan tí oko wa jọ pààlà, tó ń gbin àgbàdo jù mí lọ. Ìyá gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì fi wé ẹ̀pà.

Bẹ́ẹ̀ ojútùú wà! Ohun tó ń mú àgbàdo bu yẹn, oríṣi rẹ̀ kan ń yọ májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, òmíràn wà tí kì í yọ ọ́. IITA àti àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà mú èyí tí kì í yọ májèlé, wọ́n fi bo ọkà bàbà, wọ́n pè é ní Aflasafe. A ó fọ́n ọn sóko kí àgbàdo tó tanná, èyí tó dára á wá gba àyè mọ́ èyí tó burú lọ́wọ́. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó fọwọ́ sí i. Ibo ni mo ti gbọ́? Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ohun tí wọ́n ṣe lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ìlú ọba ni àgbẹ̀ Ìbàdàn ti gbọ́ ọ!

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹni tó ń bèèrè ẹni tí yóò jẹ ìlù. Ẹni tó bá ti ń dáko láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn kò lè gbàgbé kòkòrò funfun kan bí ìyẹ̀fun tó bo ẹ̀gẹ́. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ó wọ Áfíríkà láàárín àwọn ọdún 1970, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa kí ẹ̀wádún náà tó parí. Ó máa ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, orí ẹ̀gẹ́ á ká jọ, ìdí rẹ̀ kò ní ta. Oògùn kò ràn án. Àwọn onímọ̀ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tó ti wá, wọ́n bá agbọ́n kíńkín kan ní Paraguay tó máa ń yé ẹyin sínú kòkòrò yìí, tí ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú jáde. Ní 1981, IITA kọ́kọ́ tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n fi ń tú u kiri Áfíríkà. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní World Food Prize ní 1995. Agbọ́n yìí kò gbowó oṣù lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Tó bá jẹ́ pé aláṣẹ wa yìí ló wà nípò ní 1980, tí ẹnì kan sì lọ bá a pé òun fẹ́ gba owó láti lọ wá agbọ́n ní Paraguay, ṣé kò ní bèèrè pé ta ni yóò jẹ agbọ́n? Gàrí tó ń mu nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sàn-án, ṣé ó mọ ohun tó pa á mọ́ fún un?

Bí ti ìlù náà ṣe rí nìyẹn. Èdè wa kì í dá lórí fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì nìkan, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ń gbé e dúró. Onídùndún ń fi apá fún ọṣán ìlù, ó ń fi kọ̀ǹgọ́ sọ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ kí ó máa sọ Yorùbá, ohun tí onílù ti mọ̀ ló ń wá: bí ohùn ṣe ń gòkè, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí ọ̀kan ṣe ń fa èkejì. Akin Euba tó jẹ́ olórin àti onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí dùndún. Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe ka Yorùbá sókè pẹ̀lú ohùn tó yẹ, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Túndé Adégbọlá àti Alt-i, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ fún èdè Áfíríkà níbí n'Íbàdàn, ń ṣiṣẹ́ kí ẹ̀rọ lè gbọ́ ohun tí a bá fi Yorùbá sọ sí i. Ní 2021, Cecilia Durojaye tó jẹ́ onímọ̀ orin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Max Planck kan ní Frankfurt gbé àbọ̀ jáde lórí dùndún: wọ́n ní kí àwọn tó mọ ìlù náà àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n fetí sí i, kí wọ́n sọ ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó ń kọrin, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìlù tiwa, Jámánì ló gbé owó kalẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò bèèrè bóyá ó ṣe é jẹ.

Ẹni tó bá rò pé eré ni, kó tan máàpù fóònù rẹ̀ kó ní kí ó júwe ọ̀nà láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọ̀jẹ́. Bí ohùn inú rẹ̀ ṣe ń pe orúkọ àdúgbò wa, bàbá mi tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní mọ ibi tí wọ́n ń wí.

Sáyẹ́ǹsì tí wọ́n wá ń pariwo rẹ̀ yìí, ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ni? Ní oṣù kẹta 2020, ilé ìwádìí àrùn tí wọ́n ń pè ní ACEGID ní Ẹdẹ, tí Christian Happi ń darí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tú àṣírí ẹ̀dá kòkòrò kòrónà palẹ̀ ní Áfíríkà. Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tó gbọ́ bùkátà ilé ìwádìí yẹn. Ní 2022 ńkọ́, tí àwọn yunifásítì ìjọba fi wà ní títì láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá? Àwọn aláṣẹ wa kò rí iná fún ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n rí epo fún jíìpù. Wọn kì í ka ìwádìí kankan, wọ́n kàn ń fẹnu pín in sí èyí tó wúlò àti èyí tí kò wúlò. Owó wa ni, owó tí TETFund, àjọ ìjọba tó ń ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ń pín, láti inú owó orí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń san, a kò sì gbọ́ àbọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ ti ẹ̀gẹ́, ì báà jẹ́ ti ìlù.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí. Kí ó di òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fi owó ìjọba ṣèwádìí ní ilẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ wá sórí rédíò, kó fi Yorùbá ròyìn ohun tó rí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ní Yorùbá, kì í ṣe òyìnbó tí wọ́n fi “ṣùgbọ́n” àti “torí pé” há láàárín. Kí ètò náà jẹ́ àfẹ̀mọ́jú kí àgbẹ̀ tó lọ sóko, kí wọ́n sì tún un ṣe lálẹ́ fún àwọn ìyálọ́jà. Kí wọ́n ṣí fóònù sílẹ̀ kí a bi wọ́n ní ìbéèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò bá lè dá ìyá alágbàdo lóhùn, kí wọ́n dá ìgbéga rẹ̀ dúró ná, iye jọ́nà òyìnbó yòówù kó ti kọ sí. Ẹni tí Yorùbá rẹ̀ kò bá dán, àwọn ọmọ tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ èdè tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ pọ̀ nígboro, kí wọ́n sanwó fún wọn láti túmọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n gba onílù àti akéwì láti sọ kókó rẹ̀ di orin kékeré tí ọmọdé lè kọ, torí ohun tí a bá fi orin gbọ́ kì í tètè kúrò létí. Kí wọ́n ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lórí WhatsApp, ibẹ̀ ni gbogbo wa wà báyìí. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ka Yorùbá bá sì gún régé, òun ni kó máa ka ìwé pélébé wọn yẹn fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Àwọn onímọ̀ ìlù tí wọ́n fẹ́ lé lọ ni yóò bá wọn ṣe é.

Kí wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń gun alùpùpù wá kọ́ wa lóko padà. Kí wọ́n sanwó àwọn olùkọ́ lásìkò. Kí wọ́n fún ilé àyẹ̀wò níná.

Ẹ̀yin náà, olóòtú, iṣẹ́ yìí kàn yín. Ẹ yọ̀ǹda ìdajì ojú ewé kan fún wa lọ́sẹ̀, kí àwọn onímọ̀ máa kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, lónìí ti kòkó, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ti adìyẹ, lọ́sẹ̀ kejì ti dùndún. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Aflasafe ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹ bá wa bi wọ́n iye tí wọ́n ń tà á àti ibi tí a ti lè rí i rà, torí àkókò ìgbìn ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó di àgbẹ̀,
Ọ̀nà Àkànrán, Ìbàdàn.